Omi Gbígbóná, Omi Tútù: Ìtàn Etí tí ó Ń Gbọ́ Ìsàlẹ̀ Òkun

Àwọn àgbà Yorùbá ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ẹni tí ó pa òwe yìí mọ̀ pé omi ní ìwà, ó sì mọ̀ pé ìwà náà kì í dúró sójú kan. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti fi etí ríran nínú òkun, láti ìgbà tí wọ́n rò pé bákan náà ni gbogbo omi rí, títí di ìgbà tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ṣírò àìmọ̀ ẹni mọ́ iṣẹ́ ẹni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ni ayé ń pè ní sónà. Bí ìtàn náà tilẹ̀ jẹ́ ti agbami, orí òkè Èkìtì ni a ó ti mú un, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ohun tí òkun fi pamọ́.

Ìkógòsì-Èkìtì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Àrámọ̀kọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, láàárín àwọn òkè tí ó nà dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìsun omi méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù nini. Wọ́n ṣàn pàdé ara wọn, síbẹ̀ ẹni tí ó bá dúró sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé yóò mọ ooru lára ẹsẹ̀ kan, yóò sì mọ òtútù lára èkejì. Àwọn ará ìlú a máa pìtàn pé ìyàwó ọkọ kan náà ni omi méjèèjì, pé èyí tí inú rẹ̀ máa ń tètè ru ni ó di omi gbígbóná, tí onísùúrù sì di omi tútù. Ní ọdún 1952 ni òkìkí omi náà kàn jáde sí ayé nípasẹ̀ John McGee, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà. Àlàyé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni pé omi òjò ń gba inú sísán òkúta quartzite wọlẹ̀ lọ, ó ń jìn débi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, ó sì ń padà jáde pẹ̀lú ooru tí ó tó dígírì 37 sí 38.

Kí ni omi yìí ní í ṣe pẹ̀lú sónà? Ohun tí ojú àwo rí, kí ó tó gba ọbẹ̀, ni ohùn máa ń rí nínú omi. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn a máa rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó ń rìn tó mítà 1,500, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ooru. Nínú omi aláìníyọ̀ tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígírì 25, ohùn ń sá ní mítà 1,497. Bí ooru omi náà bá di 37, eré ohùn á di nǹkan bí mítà 1,524. Nítorí náà, bí a bá fi agogo kọ ìró nínú ìsun méjèèjì Ìkógòsì, ohùn yóò yá nínú omi gbígbóná ju inú omi tútù lọ. Nínú òkun, iyọ̀ náà ní ipa tirẹ̀, ìjìnlẹ̀ sì ní tirẹ̀: bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀, ìwúwo omi a máa mú eré ohùn pọ̀ sí i, nǹkan bí mítà 17 fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan.

Bí eré bá yàtọ̀, ọ̀nà á wọ́. Ẹ wo ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ru igi gbọọrọ, tí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan ní orí igi, èkejì ní ìdí rẹ̀. Bí ẹni ọwọ́ ọ̀tún bá yára ju ti ọwọ́ òsì lọ, igi náà kò ní í lọ tààrà mọ́. Yóò yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohùn ń ṣe. Ó máa ń tẹ̀ sí apá ibi tí eré rẹ̀ ti lọ́ra. Bí oòrùn bá mú kí òkè omi gbóná tí ìsàlẹ̀ sì tutù, ohùn tí ọkọ̀ rán síwájú yóò tẹ orí ba, yóò wọ ìsàlẹ̀ lọ, yóò sì fi àgbègbè kan sílẹ̀ tí kò dé rárá. Àgbègbè bẹ́ẹ̀ dà bí abẹ́ òjìji; ẹni tí ó bá sá sí ibẹ̀, ẹ̀rọ kò ní í gbọ́ ọ.

Ó pẹ́ kí ọmọ aráyé tó mọ èyí. Leonardo da Vinci ti kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1490 pé ẹni tí ó bá ki ẹnu ọ̀pá oníhò bọ omi, tí ó sì gbé etí lé ẹnu kejì, lè gbọ́ ọkọ̀ tí ó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn apẹja kan ní etíkun Ghana náà ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n a ki àjẹ̀ bọ omi, wọ́n a gbé etí lé ìdí rẹ̀, wọ́n a sì gbọ́ ohùn ẹja. Ní ọdún 1826, Jean-Daniel Colladon àti Charles Sturm wọn eré ohùn nínú adágún Geneva ní Switzerland. Wọ́n lu agogo lábẹ́ omi, wọ́n sì tan iná ẹ̀tù ní ìṣẹ́jú kan náà, kí ẹni tí ó wà ní òdìkejì adágún lè ka àkókò láti ìgbà tí ó rí iná dé ìgbà tí ó gbọ́ agogo. Mítà 1,435 ni wọ́n rí, nínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígírì 8. Iṣẹ́ wọn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi èrò kan sí ọkàn àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, pé iye kan ṣoṣo ni eré ohùn nínú omi.

Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní ọdún 1912, àwọn ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi mọ̀ pé òkè yìnyín wà níwájú. Ní ọdún 1914, Reginald Fessenden, ọmọ Kánádà, rán ìró sínú omi, ó sì gbọ́ gbohùngbohùn tí ó ta padà lára òkè yìnyín tí ó jìnnà tó máìlì méjì. Ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ri ọkọ̀ tí wọ́n bá pàdé. Ní ilẹ̀ Faransé, Paul Langevin àti Constantin Chilowsky bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ké sínú omi tí yóò sì máa gbọ́ ìdáhùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Asdic; àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó pè é ní sónà nígbà tí ó yá.

Ìgboyà pọ̀ ju ìmọ̀ lọ nígbà náà. Ní ọdún 1937, àwọn ọ̀gá ológun omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Asdic ti ká ọkọ̀ abẹ́ omi lápá kò. Ní àkókò kan náà, láàárín ọdún 1936 sí 1937, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Semmes ń dán sónà wò ní Guantánamo ní Cuba. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, ẹ̀rọ náà a máa gbọ́ dáadáa. Bí ó bá di ọ̀sán, kò ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn kan rò pé àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ni oorun ń kùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Columbus Iselin, onímọ̀ òkun láti Woods Hole, ni ó tú àṣírí náà. Oòrùn ọ̀sán ti mú kí òkè omi fi dígírì kan sí méjì gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ti tó láti tẹ ohùn wọ ìsàlẹ̀. A ti fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀; omi ni ó jẹ̀bi.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí yóò bá lo sónà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi omi léèrè ọ̀rọ̀. Athelstan Spilhaus ṣe ohun èlò kan ní nǹkan bí ọdún 1938 tí a ń fi okùn sọ̀ sínú òkun, tí ó sì ń ya àwòrán ooru bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀. Ní ọdún 1944, Maurice Ewing àti Joe Worzel tún rí ohun ìyanu. Nínú ibú, ibì kan wà tí eré ohùn ti kéré jù, tí òkè rẹ̀ gbóná, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wúwo. Ohùn tí ó bá bọ́ síbẹ̀ kò lè gòkè, kò lè rì. Ó ń tẹ̀ padà sí àárín nígbà gbogbo. Bọ́ǹbù kékeré tí wọ́n yìn lẹ́bàá erékùṣù Bahamas, wọ́n gbọ́ ọ ní nǹkan bí máìlì 900 sí ibẹ̀. Omi tí ó pa ohùn mọ́ àwọn ará Semmes lẹ́nu ni ó tún ń gbé ohùn rìnrìn àjò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni èyí. Kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ń gbìn, ojú omi ni ó ń gbà lọ sí Yúróòpù. Freetown ni àwọn ọkọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń kóra jọ sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí ń jẹ́ U-107, tí Günter Hessler jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ri ọkọ̀ 14 nínú ìrìn àjò kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní apá omi Freetown. Ní òru 30 oṣù kẹrin sí 1 oṣù karùn-ún ọdún 1943, ọkọ̀ ẹlẹ́rù 18 ń bọ̀ láti Takoradi lọ sí Freetown. Ọkọ̀ ogun kékeré kan àti ọkọ̀ apẹja mẹ́ta tí wọ́n gbé ìbọn kà ni ó ń ṣọ́ wọn. U-515, tí Werner Henke ń darí, bọ́ sí àárín wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó kéré tán ọkọ̀ méje ti wọ ìsàlẹ̀ òkun. Ní ọdún kan náà ni Division 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí India kí wọ́n tó já sí ogun Burma.

Asdic ní àbùkù méjì tí àwọn Jámánì mọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó bá léfòó lóru, Asdic kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Èyí tí ó bá sì rì sábẹ́ omi gbígbóná, omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe aṣọ ìbora fún un. Òkun tiwa sì jẹ́ ibi tí aṣọ yìí nípọn. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ooru ojú òkun ní Ọ̀gbun Guinea tó dígírì 28. Kí a tó dé ọgọ́rùn-ún mítà sísàlẹ̀, ó ti lọ sí abẹ́ 20. Odò Ọya ń da omi aláìníyọ̀ lé e lórí. Ní oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ a máa ru sókè ní etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire. Omi gbígbóná àti omi tútù tí Ìkógòsì fi hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, òkun tò wọ́n lé ara wọn, ó sì ń tún wọn tò láti oṣù dé oṣù.

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ yí sí ọ̀nà tí a fi ń yọ ìró tí a ń wá kúrò nínú ariwo. Nínú ariwo ọjà, bí ẹnìkan bá ki oríkì rẹ, etí rẹ á gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn onítọ̀hún kò ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdí ni pé o ti mọ bí oríkì náà ṣe rí kí ó tó dé etí rẹ. Ní ọdún 1943, D. O. North fi ìṣirò hàn, fún iṣẹ́ rédà, pé ọ̀nà tí ó dára jù láti rí ìró tí a mọ̀ nínú ariwo ni kí a fi àwòrán ìró náà wé gbogbo ohun tí ó ń wọlé. Sónà gba ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ó yá, wọ́n to ọ̀pọ̀ etí sínú omi ní ìlà kan, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà pa ohùn tí wọ́n gbọ́ pọ̀, kí wọ́n lè mọ apá ibi tí ìró ti wá. Ní ọdún 1969, Jack Capon ṣe ọ̀nà kan tí etí púpọ̀ fi lè dé ariwo láti ibòmíràn mọ́lẹ̀, kí ó sì gbọ́ apá kan ṣoṣo kedere. Ó ṣe é fún gbígbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, àwọn oníṣẹ́ sónà sì mú un lò.

Ní ọdún 1976, Homer Bucker tẹ̀ síwájú sí i. Ó ní kí a fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ohùn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn etí wa láti gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè wà nínú òkun, kí a wá fi ohun tí a gbọ́ wé ìṣirò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti bá ara mu jù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Títẹ̀ tí ohùn ń tẹ̀, tí ó ti ń da iṣẹ́ rú, wá di ẹ̀rí tí ń tọ́ka sí ibi tí ó ti wá.

Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀ lọ. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé a mọ ooru omi, a mọ iyọ̀ rẹ̀, a mọ irú ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Bí èyíkéyìí bá yàtọ̀ díẹ̀, ìdáhùn á ṣì wá, ṣùgbọ́n yóò tọ́ka sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ohun tí ó tún burú ni pé bí ọ̀nà bá ṣe mú tó bí ti Capon ni ó ṣe ń tètè ṣìnà. Ẹ fi wé ẹni tí ó ń retí ọ̀rọ̀ náà “ilé” nìkan. Bí ọmọ Èkìtì bá dé, tí ó ní “ulé”, olùgbọ́ tí etí rẹ̀ le jù yóò ka ohùn ẹni ẹlẹ́ni sí ariwo, yóò sì dé e mọ́lẹ̀. Olùgbọ́ tí ó mọ̀ pé ẹ̀ka èdè pọ̀ ni yóò gbọ́ ọ.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ mú wọ inú iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 1991, Richardson àti Nolte ní Yunifásítì Duke kò gbára lé omi kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n to ọ̀pọ̀ irú omi tí ó ṣeé ṣe kí ó wà sílẹ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bí ó ṣe ṣeé ṣe tó, wọ́n sì pa ẹ̀rí gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n tó sọ ibi tí ọkọ̀ lè wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún yẹn kan náà, Michael Collins àti William Kuperman jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wá ìwà omi àti ibi tí ọkọ̀ wà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1992, Jeffrey Krolik tún ọ̀nà bíi ti Capon ṣe, kí ó má baà dé ìró tí a ń wá mọ́lẹ̀ nígbà tí omi bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a rò. Sónà tí a ṣe báyìí kì í sábà mú tó ti àtijọ́ nígbà tí omi bá rí gẹ́lẹ́ bí a ti rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá yí padà, kì í sọ irọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí ó yani lẹ́nu jù. Ní ọdún 1996, ní òkun Ítálì, Kuperman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìró kan sílẹ̀, wọ́n yí i sẹ́yìn sẹ́yìn, wọ́n sì dá a padà sínú omi. Ìró náà gba ọ̀nà tí ó gbà wá padà, ó sì kóra jọ sí ibi tí ó ti jáde. Wọn kò nílò láti mọ omi náà rárá. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìṣirò. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1979, Walter Munk àti Carl Wunsch ti dá a lábàá pé kí a yí ìbéèrè náà padà: bí eré ohùn bá ń sọ ooru, kí a fi ohùn wọn ooru òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 1991, ìró tí wọ́n rán láti ẹ̀bá erékùṣù Heard ní gúúsù Òkun India ni wọ́n gbọ́ ní ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà 18,000.

Kí ni èyí já mọ́ fún wa? Nàìjíríà dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun, NIOMR, sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Ní ọdún 2021 ni ọkọ̀ NNS Lana, tí ó ń fi sónà ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi, dé láti ilẹ̀ Faransé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kékeré kan. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbà pé eré ohùn jẹ́ mítà 1,500, nígbà tí ó jẹ́ 1,540 nínú omi wa gbígbóná, ibi tí ó jìn ní mítà 100 ni yóò kọ sílẹ̀ bíi mítà 97 àti díẹ̀. Bí ohùn bá tún tẹ̀ lọ́nà, àwòrán ìsàlẹ̀ á wọ́ ní etí méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn awọ̀nlẹ̀ òkun fi ń sọ ohun èlò sínú omi lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kí wọ́n tó gba ohun tí sónà sọ gbọ́. Láti ọdún 1997 ni àwọn bọ́ì ìwádìí PIRATA ti wà lójú Òkun Àtìláńtíìkì, tí ọ̀kan wà nínú Ọ̀gbun Guinea wa, tí wọ́n ń ka ooru omi ránṣẹ́. Bí a bá ṣe wọn omi wa tó ni ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni yóò ṣe gbọ́ òótọ́ níbẹ̀ tó, ìbáà ṣe ẹni tí ń wá ẹja, ẹni tí ń la ọ̀nà ọkọ̀, tàbí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè wa.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ìtàn yìí kọ́ni kì í ṣe ti òkun nìkan. Àwọn ọ̀gá ọdún 1937 ní ẹ̀rọ tí ó dára. Ohun tí wọn kò ní ni ìmọ̀ pé ohun kan ń bẹ tí àwọn kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kọ àìmọ̀ sínú ìṣirò, wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀ bí a ti ń fún àlejò ní ìjókòó, etí wọn sì là sí i. Bí ẹ bá dé Ìkógòsì, tí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi méjèèjì, ẹ rántí pé gbogbo ìyàtọ̀ tí ó da orí àwọn ológun rú kò ju ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé lè mọ̀ lọ. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.